"Mi Ò Rí I" Kì í Ṣe "Kò Sí": Ìrírí Mi Nídìí Kíkọ́ Àwọn Dókítà ní Sikáànù Ẹ̀gbẹ́ Bẹ́ẹ̀dì

Gbólóhùn méjì ni mo máa ń yà sọ́tọ̀ fún dókítà tó bá fẹ́ kọ́ sikáànù ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ìyẹn fífi ẹ̀rọ tó ń fi ìró yàwòrán inú ara (ultrasound) wo aláìsàn níbi tó dùbúlẹ̀ sí, kó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ rárá. Èkíní: "Kò sí omi nínú ikùn rẹ̀." Èkejì: "Mi ò rí omi nínú ikùn rẹ̀." Létí, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jọra. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ló kọlu ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì, tí ẹ̀jẹ̀ sì ń ro sínú ikùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, dókítà tó sọ ti àkọ́kọ́ á yíjú sí nǹkan mìíràn. Èyí tó sọ ìkejì á padà wá wò ó láàárín ìṣẹ́jú 15 sí 30.

Ní Rẹ́mọ, a mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì. Oríta ńlá Ṣágámù ni títì Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé èyí tó gba ẹ̀gbẹ́ Ìjẹ̀bú-Òde kọjá lọ sí Ọ̀rẹ̀ àti Bìní. Ẹni tó bá fara pa lójú títì méjèèjì, àwọn ilé ìwòsàn Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú ni wọ́n sábà máa ń gbé e wá, jàǹbá ọkọ̀ kì í sì í dúró de ojúmọ́. Lóru, tí yàrá sikáànù bá ti wà ní títì, háúsì ọ́físà, ìyẹn dókítà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé ẹ̀kọ́, àti nọ́ọ̀sì ló wà nídìí aláìsàn. Ohun tí ọwọ́ dókítà kékeré yẹn bá mọ̀ ní òru náà ni aláìsàn máa rí gbà.

Sikáànù tiwa yìí kì í ṣe irú èyí tí àwọn dókítà rẹdiọ́lọ́jì ń ṣe. Tiwọn, wọn a wo ẹ̀yà ara láti orí dé ìdí, wọn a wọ̀n ọ́n, wọn a kọ ọ́ sílẹ̀ ní kíkún. Tiwa, ìbéèrè kan ni, ìdáhùn rẹ̀ sì ni bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Tí akẹ́kọ̀ọ́ bá gbé próòbù, ìyẹn apá ẹ̀rọ tí a ń fi kan ara aláìsàn, láìtíì sọ ìbéèrè rẹ̀ síta, mo máa ń ní kó gbé e kalẹ̀ ná. "Mo fẹ́ wo ikùn" kì í ṣe ìbéèrè. "Ṣé omi wà láàárín ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín?" Ìbéèrè nìyẹn.

Ọdún kan ni wọ́n ń fi ṣe háúsì jọ́ọ̀bù, oṣù mẹ́ta ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan: iṣẹ́ abẹ, ìṣègùn àgbàlagbà, ìtọ́jú ọmọdé, àti ìtọ́jú aboyún. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù nínú ẹ̀kọ́ yìí ni kí a kó ọkàn, ẹ̀dọ̀fóró, ikùn àti ilé ọmọ pọ̀, kí a rọ gbogbo rẹ̀ sí wọn lágbárí lópin ọ̀sẹ̀ kan. Oṣù kan kì í pé tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ á ti lọ, nítorí ọwọ́ kò tíì gbà á. Mo ti wá gbà pé ìbéèrè kan fún ẹ̀ka kan ló dára jù. Ní ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ, ẹ̀jẹ̀ inú ikùn. Ní ọ̀dọ̀ aboyún, ṣé inú ilé ọmọ ni oyún wà. Ní ìṣègùn àgbàlagbà, omi àti afẹ́fẹ́ ní ẹ̀gbẹ́ ẹ̀dọ̀fóró, lẹ́yìn náà ọkàn. Ohun tó bá kọ́ lówùúrọ̀ Mọ́ńdè ni yóò lò lóru Tùsídè.

Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ kò le. Próòbù tí ojú rẹ̀ tẹ̀ bí ọrun, tí ìró rẹ̀ wà láàárín 2 sí 5 MHz (òṣùwọ̀n bí ìró ṣe ga tó), ló ń ríran jìnnà: ikùn ni tirẹ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ tẹ́jú, láti bíi 5 dé 12 MHz tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohun tó wà nítòsí awọ ló wà fún: iṣan ẹ̀jẹ̀, awọ ẹ̀dọ̀fóró. Bí ìró bá ṣe ga tó ni àwòrán rẹ̀ ṣe ń mọ́ tó, àmọ́ kì í lè rìn jìnnà. Ẹ̀kẹta kéré, ojú rẹ̀ ṣe ṣókí, ó ń gba àárín egungun ìhà wo ọkàn. Ilé ìwòsàn tí kò bá ní ju olójú ọrun lọ ṣì lè dáhùn ọ̀pọ̀ nínú ìbéèrè wọ̀nyí.

Àmì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ próòbù. Kí àtàǹpàkò akẹ́kọ̀ọ́ máa wà lórí àmì yẹn nígbà gbogbo. Kó tó kan aláìsàn, kó fi jẹ́ẹ̀lì díẹ̀ sójú próòbù, kó fi ìka tọ́ ẹ̀gbẹ́ kan, kó wo apá ibi tí nǹkan ti mì lójú ẹ̀rọ. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún ni. Ẹni tí kò bá ṣe é lè pe orí ní ìdí, kó sì máa wá ẹ̀dọ̀ níbi tí ìfun wà.

Lẹ́yìn èyí, bí àwòrán ṣe jìn tó àti ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó jìn, kó rí gbogbo àgbègbè, kó tó fà á wá sókè títí ohun tó ń wá á fi gba bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ojú ẹ̀rọ. Ní ti ìmọ́lẹ̀, omi inú àpò ìtọ̀ ni òṣùwọ̀n: ó gbọ́dọ̀ dúdú pátápátá. Tó bá rí eérú-eérú, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù. Ohun tó ń fa èyí ní wọ́ọ̀dù wa kì í sábàá jẹ́ àìmọ̀kan. Fèrèsé ló ń fà á. Oòrùn ọ̀sán á kọlu ojú ẹ̀rọ, akẹ́kọ̀ọ́ ò ní ríran dáadáa, á gbé ìmọ́lẹ̀ sókè, omi díẹ̀ tó wà níbẹ̀ á sì funfun, á bá ara ẹ̀dọ̀ mu, á pòórá. Ẹ fa kọ́tìnì tàbí kí ẹ yí ẹ̀rọ padà kí ẹ tó fọwọ́ kan bọ́tìnnì.

Ìrìn ọwọ́ márùn-ún ló wà: wíwọ́ próòbù lọ síwájú sẹ́yìn lórí awọ; fífì í bí abẹ̀bẹ̀ láìkúrò lójú kan; mímì í sápá kan bí àga tó ń mì; yíyí i bí kọ́kọ́rọ́; àti títẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ á ṣe mẹ́ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àwòrán tó dára á kọjá lójú rẹ̀, kò ní mọ bó ṣe dé ibẹ̀, kò sì ní lè padà síbẹ̀. Òfin tí mo fún wọn ni pé kí wọ́n dárúkọ ìrìn náà kí wọ́n tó rìn ín. "Mo fẹ́ fì í sẹ́yìn." Kó wá fì í. Ìka kékeré àti èyí tó tẹ̀ lé e gbọ́dọ̀ fara ti aláìsàn, bí ìgbà tí èèyàn ń kọ̀wé tí ọwọ́ rẹ̀ fara ti tábìlì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ próòbù á máa yọ̀ lórí jẹ́ẹ̀lì.

Èmi náà ní òfin tèmi: ọwọ́ mi wà lẹ́yìn mi. Èyí ló le jù fún olùkọ́. Nígbà tí àwòrán bá ń sá fún akẹ́kọ̀ọ́, ọwọ́ olùkọ́ á máa yún un láti gba próòbù kó tètè fi hàn án. Tó bá gbà á, aláìsàn ti rí ìtọ́jú, èyí dára. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ kò kọ́ nǹkan kan ju pé ọ̀gá mọ̀ ọ́n ṣe. Àyàfi tí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ẹnu ni kí olùkọ́ fi darí. Ìlànà onípele mẹ́rin tí wọ́n fi orúkọ Peyton pè bá iṣẹ́ yìí mu gan-an: olùkọ́ á ṣe é láìsọ̀rọ̀; á tún un ṣe pẹ̀lú àlàyé; akẹ́kọ̀ọ́ á wá sọ ọ́, olùkọ́ á ṣe ohun tó sọ; lẹ́yìn náà akẹ́kọ̀ọ́ á sọ ọ́, á sì ṣe é fúnra rẹ̀. Ìpele kẹta ni àwọn olùkọ́ sábà máa ń fò, òun gan-an ló sì ń tú àṣírí ohun tí kò tíì yé akẹ́kọ̀ọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta sídìí ẹ̀rọ kan ti tó. Tí wọ́n bá di mẹ́fà, mẹ́ta á máa wo fóònù.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ẹ̀jẹ̀ inú ikùn, torí ibẹ̀ ni "mi ò rí i" àti "kò sí" ti máa ń dà pọ̀ jù. Ibi mẹ́rin ni a ń wò: ìhà ọ̀tún, ìhà òsì, ìsàlẹ̀ ikùn níbi àpò ìtọ̀, àti ọkàn láti abẹ́ egungun àyà. FAST ni wọ́n ń pè é. Tí a bá fi ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì kún un, ó di eFAST.

Ní ìhà ọ̀tún, próòbù olójú ọrun, àmì rẹ̀ sí ọ̀nà orí, ní ìlà tó ti àárín abíyá sọ̀ kalẹ̀, láàárín egungun ìhà kẹjọ sí ìkọkànlá. Ẹ̀dọ̀ á yọ, kíndìnrín á yọ lábẹ́ rẹ̀, àlàfo Morison á sì wà láàárín wọn. Ibí ni akẹ́kọ̀ọ́ máa ń dúró sí. Ó rí àwòrán tó jọ ti inú ìwé, ara rẹ̀ balẹ̀, ó ní kò sí omi. Ojú kan ṣoṣo ló sì tíì wò. Lọ́pọ̀ ìgbà, ṣóńṣó ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀ ni omi ti máa ń kọ́kọ́ hàn, kò sì sí nínú àwòrán tó fẹ́ràn yẹn. Ó ní láti wọ́ próòbù wálẹ̀. Nítorí náà ibi mẹ́rin ló wà nínú ibi kan yìí: òkè awọ tó pààlà àyà àti ikùn, abẹ́ awọ yẹn, àárín ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín, àti ṣóńṣó ẹ̀dọ̀. Ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó fi próòbù fì láti iwájú lọ sẹ́yìn títí kíndìnrín á fi pòórá ní apá méjèèjì. Tí kíndìnrín ò bá tíì pòórá, kò tíì wò ó tán.

Omi tó dà sínú ikùn máa ń dúdú, ó ní igun ṣóńṣó, ó ń wọ àlàfo bí omi ṣe ń wọ àárín òkúta. Ohun dúdú tó bá rí róbótó, tó ní ògiri, àpò òróòro ni, tàbí iṣan, tàbí ìfun. Ọ̀rá tó yí kíndìnrín ká máa ń tan àwọn ojú tuntun jẹ, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kì í dúdú délẹ̀, àmì funfun wẹ́wẹ́ máa ń wà nínú rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ti dì ló burú jù: kò dúdú mọ́, ó ti di eérú, ó lè jọ ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Mo máa ń rán wọn létí pé omi tí kò tó nǹkan bíi 200 ml lè wà níbẹ̀ kí ojú ẹ̀rọ má fi hàn rárá. Ìdí nìyẹn tí a fi ń tún un wò.

Ìhà òsì ṣòro ju ọ̀tún lọ. Ọlọ inú, ìyẹn spleen, kéré sí ẹ̀dọ̀, ó wà lókè, ó sì wà lẹ́yìn. Ẹ̀yìn ọwọ́ tó di próòbù mú gbọ́dọ̀ kan ibùsùn. Tí kò bá kàn án, próòbù wà níwájú jù. Níbí, àárín ọlọ inú àti awọ tó pààlà àyà ni omi máa ń kọ́kọ́ gbà, kì í ṣe àárín rẹ̀ àti kíndìnrín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ti ọ̀tún wọn ti òsì á wo ibi tí kò yẹ. Ohun kan tún wà tí ìwé òkè òkun kò ní kọ: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mu gàrí Ìjẹ̀bú tán kí jàǹbá tó ṣẹlẹ̀, agbẹ̀du rẹ̀ kún fún omi, ó dúdú, ó sì wà létí ọlọ inú gan-an. Ẹ wò ó dáadáa: hóró nǹkan á máa léfòó nínú rẹ̀, á ní ògiri, á sì máa rọra mì. Ẹ bi í léèrè ohun tó jẹ, tó bá lè sọ̀rọ̀.

Ìsàlẹ̀ ikùn kò fẹ́ ju ohun kan lọ: kí àpò ìtọ̀ kún. Ẹ wò ó kí nọ́ọ̀sì tó fi kátítà, rọ́bà tó ń fa ìtọ̀ jáde, sí i. Tí wọ́n bá ti fi í, ẹ dí i pa fún ìgbà díẹ̀. Kí ẹ sì dín ìmọ́lẹ̀ kù, torí ìró tó gba inú omi kọjá máa ń mú kí ẹ̀yìn àpò ìtọ̀ funfun gbòò, omi kékeré tó wà níbẹ̀ á sì bò mọ́lẹ̀.

Bí gbogbo rẹ̀ bá tilẹ̀ mọ́, ìfun lè ti ya, ẹ̀jẹ̀ sì lè wà lẹ́yìn, níbi tí kíndìnrín wà, tí FAST kò lè rí. Aláìsàn tí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń lọ sílẹ̀, tí omi sì hàn nínú ikùn rẹ̀, tíátà ló ń lọ. Èyí tí ìfúnpá rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ tí omi ò hàn, ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò tíì parí.

Àlàfo Morison yìí kan náà ló wúlò jù fún obìnrin tó dákú, tí inú ń run, tí àyẹ̀wò ìtọ̀ sì fi hàn pé ó lóyún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìhà ọ̀tún kí ẹ tó wo ilé ọmọ. Tí omi bá wà níbẹ̀, tí kò sì sí nǹkan tó dájú nínú ilé ọmọ, ẹ pe àwọn oníṣẹ́ abẹ aboyún lójú ẹsẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ fura pé oyún ìta ilé ọmọ ló bẹ́. Kí oyún tó tó bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, sikáànù orí ikùn lè má rí nǹkan kan nínú ilé ọmọ, nítorí náà "ilé ọmọ ṣófo" kì í ṣe "kò sí oyún." Àpò dúdú kan ṣoṣo kò sì tó ẹ̀rí pé inú ilé ọmọ ni oyún wà. Òrùka kékeré tó ń bọ́ ọmọ gbọ́dọ̀ hàn nínú àpò náà, tàbí ọmọ fúnra rẹ̀. Fún lílù ọkàn ọmọ, M-mode (èyí tó ń ya bí nǹkan ṣe ń mì sí ìlà) ni kí wọ́n lò, kì í ṣe Doppler (èyí tó ń fi ìró tẹ̀ lé ìṣàn ẹ̀jẹ̀), torí agbára ìró Doppler pọ̀ ju èyí tí oyún kékeré nílò lọ.

Ẹ̀dọ̀fóró rọrùn láti kọ́ ju bí wọ́n ṣe rò lọ. Próòbù dúró lóòró láàárín egungun ìhà méjì: egungun méjèèjì á ju òjìji sílẹ̀, ìlà funfun kan á wà láàárín wọn nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á jọ àdán tó na ìyẹ́. Ìlà funfun yẹn ni awọ ẹ̀dọ̀fóró. Tí aláìsàn bá ń mí, ìlà náà á máa yọ̀ síwá sẹ́yìn, bí ìjàlọ tó tò lórí okùn. Tó bá ń yọ̀, afẹ́fẹ́ kò sí láàárín awọ méjèèjì, ti ẹ̀dọ̀fóró àti ti inú àyà, ní ojú ibẹ̀. Ní ojú ibẹ̀ nìkan ni o. Tí kò bá yọ̀, ẹ má tíì gbé abẹ: ẹni tó dá èémí dúró, ẹni tí ikọ́ ẹ̀gbẹ ti mú awọ rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, ẹni tí rọ́bà èémí tí wọ́n fi sí i lọ́nà ọ̀fun wọ ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún nìkan, gbogbo wọn ni kì í yọ̀. Ibi tí yíyọ̀ àti àìyọ̀ ti pàdé ló ń fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé afẹ́fẹ́ ni.

Nípa wíwọn iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sínú ọkàn, èrò mi ni pé a ń kọ́ wọn níyẹn láìtíì tó àkókò. Nọ́ńbà máa ń dùn ún kọ sílẹ̀, wọ́n á sì gbàgbé aláìsàn. Ẹ fi sílẹ̀ di ìparí.

Fún fífi abẹ́rẹ́ wá iṣan ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú sikáànù, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi èèyàn kọ́ ọ. Ẹ po jẹ́látìnì tí yóò dúró bí ẹran ara, gíráàmù 80 sí 100 sínú lítà omi gbígbóná kan, ẹ fi síbí fúláwà kan sí i kí inú rẹ̀ má baà dúdú jù, ẹ gbọ́n fóòmù orí rẹ̀ kúrò, torí afẹ́fẹ́ inú fóòmù á dí ìró lọ́nà. Ẹ ti rọ́bà rírọ̀ tí omi aláwọ̀ wà nínú rẹ̀, tí ẹ di ẹnu rẹ̀ méjèèjì, sí àárín rẹ̀ bí iṣan, kó sùn nínú fìríìjì mọ́jú. Lọ́sàn-án ó máa ń yọ́ tí iná bá lọ, ẹ gbé e sínú kúlà oníyìnyín. Igẹ̀ adìyẹ tí kò léegun náà ṣeé lò. Àṣìṣe ibẹ̀ kan náà ni nígbà gbogbo: akẹ́kọ̀ọ́ rí àmì funfun kan, ó rò pé orí abẹ́rẹ́ ni, ara abẹ́rẹ́ ni, orí rẹ̀ ti kọjá sí ẹ̀yìn iṣan. Kó wọ́ próòbù síwájú díẹ̀ títí àmì á fi pòórá, kó ti abẹ́rẹ́ títí á fi tún yọ, kó máa ṣe bẹ́ẹ̀ lọ.

Jẹ́ẹ̀lì wọ́n. Fún ìdánrawò lórí awọ tí kò légbò, sítáàṣì àgbàdo ìwọ̀n kan sí omi ìwọ̀n mẹ́wàá, tí a gbé kaná títí tó fi ki, tó sì tutù, ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Kò gbọ́dọ̀ di ọjọ́ kejì, á kan. Níbi tí abẹ́rẹ́ bá wà, jẹ́ẹ̀lì tí kò ní kòkòrò nìkan. Kí ẹ nu próòbù lẹ́yìn aláìsàn kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ohun tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fọwọ́ sí. Kì í ṣe gbogbo próòbù ló ń fara da spirit. Ẹ má sì jẹ́ kó já bọ́, kódà lẹ́ẹ̀kan, torí tí kírísítà inú rẹ̀ bá ti fọ́, ìlà dúdú kan á máa wà nínú gbogbo àwòrán.

Ẹnu dókítà pàápàá jẹ́ ara ẹ̀kọ́. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, mo fẹ́ fi ẹ̀rọ wo inú ikùn yín. Ohun tí mo fẹ́ fi ra á á tutù díẹ̀." Kó má ṣe sọ pé "mo fẹ́ fi nǹkan yìí pa yín lára", àgbàlagbà tí ẹ̀rù ti ń bà lè gbọ́ ọ bíi pé wọ́n fẹ́ ṣe é léṣe. Kí ojú rẹ̀ má yí padà níwájú ẹbí nígbà tó bá rí ohun tó burú. Aboyún á sì béèrè pé ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin. Ìdáhùn tí mo kọ́ wọn ni: "Mà, bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù ni mo ń wò báyìí. Yàrá sikáànù ló máa bá yín wo ìyẹn."

Ẹgbẹ́ àwọn dókítà pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà, ACEP, gbà pé sikáànù 25 sí 50 tí ẹni tó mọ̀ ọ́n ti yẹ̀ wò ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣe lórí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan. Mo ń lò ó, ṣùgbọ́n mo ń wo ohun tó wà nínú rẹ̀: ẹni tó wo ikùn 40 tí gbogbo wọn mọ́ kò tíì mọ bí omi ṣe rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ àwọn aláìsàn tí àìsàn ẹ̀dọ̀ ti mú kí omi kún inú wọn, kí akẹ́kọ̀ọ́ wò wọ́n, tí wọ́n bá gbà.

Bí ó bá wá di kíkọ sínú fáìlì, mi ò gba "FAST: kò sí nǹkan kan." Bó ṣe yẹ kó kọ ọ́ nìyí: "Aago 2:10. Ìhà ọ̀tún: mo rí i tán dé ṣóńṣó ẹ̀dọ̀, mi ò rí omi. Ìhà òsì: mi ò rí òkè ọlọ inú, afẹ́fẹ́ agbẹ̀du dí mi lọ́wọ́. Àpò ìtọ̀: ó ṣófo, kátítà ti wà níbẹ̀. Ọkàn: ó ń fún dáadáa, mi ò rí omi yí i ká. Mà á tún wò ó ní 2:30."